Ṣé owó tí à ń san fún ìpolówó orí íntánẹ́ẹ̀tì ń mú ẹni tó máa ra ilẹ̀ wá l'Abẹ́òkúta?

Ejẹ́ǹtì Ọbáńtókò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ yìí. Pulọ́ọ̀tì ilẹ̀ mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ mi lójú ọ̀nà Kọ́bapẹ́, 60 sí 120 ẹsẹ̀ bàtà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Sọ́fè (àwòrán ìwọ̀n ilẹ̀) wà, rìsíìtì ẹbí wà, àgírímẹ́ǹtì wà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, fláàtì mẹ́ta oníyàrá méjì-méjì tún wà ní Ọbáńtókò àti Àsẹ̀rò tí lánlọ́ọ̀dù ń wá ayálégbé sí. ₦100,000 ni mo lè yà sọ́tọ̀ lóṣù fún ìpolówó. Àwọn kan ní kí n máa tẹ Boost lórí Facebook, àwọn kan ní orí Google ni oníbàárà gidi wà, àwọn míì ní òfò ni gbogbo ẹ̀, pé "Èló ni jálẹ̀?" nìkan lèèyàn á máa kà lórí WhatsApp títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ń mú ẹni tó máa sanwó wá ni àbí àwọn tó ń wòran?

Onípolówó Kútọ̀

Àwọn méjèèjì ló ń mú wá, àwọn tó ń wòran ló sì máa ń pọ̀ jù. Ẹ kọ́kọ́ ya ọjà yín sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí ilẹ̀ títà àti ilé rẹ́ǹtì kò gba owó ìpolówó bákan náà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní ẹ ń ná ₦5,000 lóòjọ́ fún ọjọ́ 14, ₦70,000 nìyẹn. VAT 7.5% á gorí ẹ̀, ìyẹn ₦5,250, ó di ₦75,250. Ká ní èèyàn 50 ló kọ̀wé sí yín, ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦1,505. Ká tún ní mẹ́fà nínú wọn ló dìde wá wo ilẹ̀: ẹnì kan tó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ti di bíi ₦12,540, a ò sì tíì ka epo ọkọ̀ láti Kútọ̀ dé Kọ́bapẹ́ àti àbọ̀. Kí ẹyọ ẹnì kan wá sanwó. Bí pulọ́ọ̀tì bá jẹ́ ₦2,500,000 tí tiyín jẹ́ 10%, ₦250,000 wọlé, èrè wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ 5% lẹ bá onílẹ̀ sọ, ₦125,000 ni, èrè ṣì wà àmọ́ ó ti tín-ín-rín. Ẹ wá gbé ìṣirò yìí ka fláàtì tí wọ́n ń gbà ní ₦400,000 lọ́dún. 10% rẹ̀ jẹ́ ₦40,000. Ẹ ti jẹ gbèsè kẹ́ ẹ tó mú kọ́kọ́rọ́ lápò. Àpẹẹrẹ ni gbogbo iye yìí o. Ẹ yọ wọ́n kúrò, kẹ́ ẹ fi tiyín sí i.

Nítorí náà ẹ má ná kọ́bọ̀ sórí fláàtì. Bọ́ọ̀dù "To Let" tí nọ́ńbà rẹ̀ tóbi, tó ṣeé kà láti inú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń sáré, ló ń gba ilé l'Ọbáńtókò. Ẹ kún un pẹ̀lú WhatsApp Status, àyè ọ̀fẹ́ lórí Jiji, àti àwọn ejẹ́ǹtì ẹgbẹ́ yín tẹ́ ẹ jọ máa pín owó. Ẹni tó ń wá ilé sí Àsẹ̀rò máa ń wá rìn ní Àsẹ̀rò fúnra ẹ̀. Ẹni tó máa ra ilẹ̀ Kọ́bapẹ́ lè wà ní Ìkòròdú, kó má mọ ẹnì kankan l'Abẹ́òkúta. Òun gan-an ni ìpolówó wúlò fún.

Bọ́tìnnì Boost tó wà lábẹ́ fọ́tò yẹn, ẹ fi í sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá kàn tẹ̀ ẹ́ láìyí nǹkan kan padà, àwọn tó máa ń tẹ láíìkì ló sábà máa ń wá fún yín. Láíìkì 300, "Congratulations" 40, kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí ilẹ̀ wà. Ẹ wọ inú Ads Manager, ibi tí Facebook ti ń jẹ́ kéèyàn ṣètò ìpolówó fúnra ẹ̀. Níbi tó ti bi yín ní ohun tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ mú Leads (àwọn tó máa fi nọ́ńbà sílẹ̀ tàbí kọ̀wé sí yín), ẹ má mú Traffic. Traffic ń wá ẹni tó máa ń tẹ líǹkì, ọmọ tó ń gbá géèmù tí àtàǹpàkò rẹ̀ ṣèèṣì kan ìpolówó wà lára wọn. Bẹ́ ẹ bá rí Audience Network níbi tí wọ́n ti ń yan ibi tí ìpolówó máa hàn, ẹ yọ ọ́. Àwọn ápù àti géèmù tí kì í ṣe ti Facebook ni, ibẹ̀ ni irú ìka bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí.

Ọmọ Panṣẹ́kẹ́

Òótọ́ ni Onípolówó Kútọ̀ sọ lórí rẹ́ǹtì àti Boost. Àmọ́ ibi tí owó ti ń jò gan-an ni àárín ìgbà tẹ́nì kan tẹ ìpolówó sí ìgbà tó wọ bàtà wá wo ilẹ̀.

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Ìkíní ni ìpolówó tó ń ṣí WhatsApp. Ó rọrùn, ó ti wá rọrùn jù. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú fóònù: ẹni náà tẹ bọ́tìnnì, WhatsApp ṣí, ọ̀rọ̀ kan sì ti wà níbẹ̀ tí Facebook ti bá a kọ, "Hello! Can I get more info on this?" Ó kù kó fìka kan ṣoṣo fi ránṣẹ́. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa ń rí 40 irú ẹ̀, tẹ́ ẹ dá wọn lóhùn, tí 30 ò fọhùn mọ́. Wọn ò kọ nǹkan kan sí yín. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣeé pààrọ̀ níbi tẹ́ ẹ ti ń to ìpolówó. Ẹ kọ ọ́ sí ohun tí ẹni tí kò ní í rà ò ní í fẹ́ fi ránṣẹ́, bíi "Mo fẹ́ wá wo ilẹ̀ Kọ́bapẹ́ ní Sátidé, iye rẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn." Iye àwọn tó ń kọ̀wé á jábọ́. Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù.

Ìkejì ni fọ́ọ̀mù tó ń ṣí nínú Facebook fúnra ẹ̀. Oríṣi méjì tó wọ́pọ̀ níbẹ̀ ni More volume àti Higher intent. Ẹ mú èkejì, torí ó máa ń fi ohun tí ẹni náà kọ hàn án lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó fi ránṣẹ́. Ìjàǹbá fọ́ọ̀mù ni pé orúkọ àti nọ́ńbà ti wà níbẹ̀ látinú àkáǹtì onítọ̀hún. Nọ́ńbà tí ẹlòmíì fi ṣí Facebook ní ọdún 2012 ti kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ tipẹ́tipẹ́, ẹ ó pè é, ìyá kan ní Sókótó á gbé e. Ẹ fi ìbéèrè kan kún un tó máa fọwọ́ ara ẹ̀ tẹ̀: "Nọ́ńbà WhatsApp yín?" Lẹ́yìn ìyẹn, ìbéèrè méjì péré tó ní ìdáhùn láti yàn: iye owó tó wà nílẹ̀, àti ìgbà tó fẹ́ wá wò ó. Bó bá pọ̀ ju ìyẹn lọ, àwọn tó lówó gan-an ni kì í ráyè parí ẹ̀.

Fọ́ọ̀mù ò ní í jáde láìsí líǹkì ìlànà ìpamọ́ (privacy policy). Ojú ewé ọ̀fẹ́ kan lórí Google Sites ti tó, kẹ́ ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ máa fi nọ́ńbà èèyàn ṣe níbẹ̀. Kì í ṣe ti Facebook nìkan, òfin ìdáàbòbò dátà ti ọdún 2023 kan yín náà, ẹ ò gbọ́dọ̀ kó nọ́ńbà àwọn èèyàn fún ejẹ́ǹtì míì láìgbàṣẹ lọ́wọ́ wọn. Orúkọ tó wọlé kò sì ju ọjọ́ 90 lọ tí ẹ fi lè gbà á sílẹ̀. Ẹ máa gbà á lójoojúmọ́, torí ẹni tó kọ orúkọ fún yín lálẹ́ ti kọ ọ́ fún ejẹ́ǹtì mẹ́ta míì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ pè é láàárọ̀ ló máa mú un jáde.

Ẹ kọ iye owó sójú ìpolówó. "DM for price" yẹn, owó yín lẹ fi ń ra ìbéèrè tí gbólóhùn kan ti lè dáhùn. Kẹ́ ẹ sì kọ gbogbo ẹ̀ pátápátá: iye ilẹ̀, owó àgírímẹ́ǹtì, sọ́fè bí kò bá sí nínú ẹ̀, owó tí ẹbí máa gbà nígbà ìpìlẹ̀. Ẹni tó gbọ́ ₦2,500,000 lórí fóònù tó wá dé orí ilẹ̀ gbọ́ ₦2,900,000, ó máa ní òun fẹ́ bá ìyàwó òun sọ ọ́. Ẹ ò ní í rí i mọ́.

Ní ti ₦100,000 yín, ẹ má fọ́n ọn káàkiri. Facebook nílò bí èsì 50 láàárín ọ̀sẹ̀ kan lórí ad set kan (àpò kan tí ìpolówó inú ẹ̀ jọ ń lo owó kan náà, fún àwọn èèyàn kan náà) kó tó mọ irú ẹni tó yẹ kó máa wá. Bẹ́ ẹ bá pín ₦5,000 lóòjọ́ sí ad set márùn-ún, kò ní í kọ́ ohunkóhun láéláé. Ẹyọ kan ni kẹ́ ẹ ṣe, kẹ́ ẹ fi ìpolówó méjì tàbí mẹ́ta sínú ẹ̀, fídíò kan, fọ́tò kan. Ẹ má sì máa yí i padà láràárọ̀. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá yí owó tàbí àwọn tó máa rí i padà dáadáa, ó lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 25 oṣù sí ọjọ́ 7 oṣù tó tẹ̀ lé e ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó rìn, nígbà tí owó oṣù ṣì wà lọ́wọ́.

Wá-a-lórí-Google

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbàgbé Google, ẹ kú ìgbàgbé o. Lórí Facebook, ẹ̀yin lẹ lọ pàdé ẹni tó ń wo fídíò ìgbéyàwó. Lórí Google, òun ló jókòó tó fọwọ́ ara ẹ̀ tẹ "land for sale in Abeokuta". Wọn ò pọ̀ lóòjọ́, ìyẹn ni àléébù ẹ̀, ẹ ò sì lè fi owó sọ wọ́n di púpọ̀.

Ohun tó ń ba owó jẹ́ níbẹ̀ ni pé ẹ tẹ "house Abeokuta" sílẹ̀ láìfi àmì sí i. Google á so ó pọ̀ mọ́ hòtẹ́ẹ̀lì, mọ́ àwọn tó ń wá Àpáta Olúmọ, mọ́ ọmọ FUNAAB tó ń wá yàrá kan ní Camp. Ẹ fi àmì ìfàyọ (" ") ká gbólóhùn náà lọ́tùn-ún lósì, kó lè jẹ́ pé ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an ló máa tẹ̀ lé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ àwọn ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ò fẹ́: hotel, shortlet, rent, hostel, job, map, Olumo. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ wo ohun tí àwọn èèyàn tẹ̀ kí ìpolówó yín tó jáde, ẹ ó rí òmíràn tẹ́ ẹ máa fi kún un.

Ibi kejì ni ìlú. Bẹ́ ẹ bá yan Èkó, Google á mú ẹni tó wà l'Ékòó àti ẹni tí ọ̀rọ̀ Èkó kàn ń wù. Ẹ yí i sí Presence, kó lè jẹ́ àwọn tó wà níbẹ̀ nìkan. Èkó àti ìpínlẹ̀ Ògùn ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀.

Kẹ́ ẹ kọ ìwọ̀n ilẹ̀ yín lọ́nà méjèèjì. 60 sí 120 ẹsẹ̀ bàtà jẹ́ bíi 669 mítà onígun mẹ́rin. Ilé-iṣẹ́ ẹ̀sítéètì míì ń pe 300 ní pulọ́ọ̀tì. Bẹ́ ẹ ò bá kọ ọ́, oníbàárà á rò pé tiyín wọ́n, bẹ́ẹ̀ tiyín ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ.

Kí líǹkì gbé e lọ sójú ewé ilẹ̀ yẹn gan-an, ẹ má gbé e lọ sí ojú ewé àkọ́kọ́ tó kún fún àwòrán tó ń yí gbirigbiri tí ń jẹ dátà. Kẹ́ ẹ ṣètò rẹ̀ kí Google máa ka àwọn tó tẹ nọ́ńbà tàbí WhatsApp níbẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹ ò ní í mọ ọ̀rọ̀ tó ń mú èèyàn wá àti èyí tó ń jẹ owó lásán. Ẹ sì ṣí Google Business Profile fún ọ́fíìsì yín kẹ́ ẹ tó san nǹkan kan. Ọ̀fẹ́ ni.

Lọ́yà Ìbàrà

Ẹ̀yin onípolówó, ẹ ti sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n bá ejẹ́ǹtì wa sọ̀rọ̀ ìwé, torí ibẹ̀ ni àwọn ará Èkó ti ń sá padà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ wọn kì í ṣe iye. "Ṣé kò sí lábẹ́ ìjọba? Ṣé ọmọ onílẹ̀ ò ní í dà wá láàmú?" Ẹ gbé sọ́fè lọ sí ọ́fíìsì ilẹ̀ ìjọba l'Òkè-Mọsán kẹ́ ẹ tó polówó, kí wọ́n bá yín wò ó bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú ibi tí ìjọba ti gbà. Bó bá bọ́ sínú ẹ̀, ẹ ò ní ọjà kankan láti polówó. Bó bá mọ́, ẹ sọ ọ́ nínú ìpolówó, pẹ̀lú oṣù tẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ má kọ "C of O" (ìwé-ẹ̀rí ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni) síbi tó jẹ́ sọ́fè àti rìsíìtì ẹbí ni. Àwọn kan ń kọ "C of O in process" láìtíì gbé ìwé kankan wọ ọ́fíìsì. Irọ́ ni, oníbàárà tó mú lọ́yà lọ́wọ́ á sì mọ̀ láàárín ọjọ́ kan. Bí wọ́n bá béèrè ọmọ onílẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé ìpínlẹ̀ Ògùn ní òfin láti 2016 tó ka fífipá gba ilẹ̀ sí ọ̀ràn, ṣùgbọ́n kí ẹ má fi òfin dípò ìfọwọ́sí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí lórí ìwé.

Àwòrán sọ́fè: ẹ fi hàn, ṣùgbọ́n ẹ bo orúkọ oní-ǹkan àti àwọn nọ́ńbà ààlà. Àwọn gbájú-ẹ̀ ń gé e jáde láti fi ta ilẹ̀ kan náà. Fọ́tò náà ńkọ́? Ẹ kọ nọ́ńbà yín sí àárín gbùngbùn rẹ̀, torí èyí tó wà ní igun, ìṣẹ́jú kan ni wọ́n fi ń gé e. Fídíò ló dára jù: kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ojú títì, láìgé e rárá, títí dé òkúta ààlà tí awọnlẹ̀ rì, kí nọ́ńbà ara òkúta náà hàn fìrí. Ẹni tó bá wò ó ti rìn ín pẹ̀lú yín. "Ìṣẹ́jú márùn-ún sí títì" tí kì í tán lẹ́sẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́.

Òfin ARCON (àjọ tó ń ṣàkóso ìpolówó) ti 2022 kan ìpolówó orí íntánẹ́ẹ̀tì náà. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ SCUML (ẹ̀ka ìjọba tó ń gbógun ti fífi owó ẹ̀ṣẹ̀ pamọ́) gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ta dúkìá. Ẹ má sì gba owó ní kẹ́ẹ̀ṣì tó bá ti kọjá ₦5,000,000 lọ́wọ́ èèyàn kan, tàbí ₦10,000,000 lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́. Báńkì ni kó gbà.

Àǹtí Ìlú Òyìnbó

Ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu kan àwa tá a wà lókè òkun. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ìpolówó ilẹ̀ dé Amẹ́ríkà tàbí Kánádà, Facebook á ní kẹ́ ẹ fi sábẹ́ Housing nínú Special Ad Category. Bẹ́ ẹ ò bá fi síbẹ̀, wọ́n á dá a dúró. Bẹ́ ẹ bá fi síbẹ̀, ẹ ò ní í lè yan ọjọ́ orí, ẹ ò ní í lè yan akọ tàbí abo. Ìlú Houston kún fún gbogbo ẹ̀yà, báwo lẹ ṣe fẹ́ kó bá Yorùbá? Ẹ fi ohùn yín ṣe é. Kí fídíò náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Yorùbá láti ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́, "Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gbá tẹ́ ẹ wà nílẹ̀ òkèèrè." Ẹni tí kò gbọ́ á fò ó kọjá, ẹni tó gbọ́ á dúró, Facebook á sì máa wá irú àwọn tó dúró.

Wọn ò lè wá wò ó, torí náà ẹ má béèrè ìgbà tí wọ́n ń bọ̀. Ẹ béèrè ẹni tó máa ṣojú wọn, àbúrò tàbí lọ́yà, kẹ́ ẹ sì pe fídíò láti orí ilẹ̀. Aago 11 àárọ̀ l'Abẹ́òkúta, oorun ni wọ́n wà ní Houston.

Ejẹ́ǹtì Ọbáńtókò

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àǹtí. Mo gbà pé bọ́ọ̀dù ló tọ́ fún fláàtì. Èmi ò ní í pín owó ìpolówó sí ad set púpọ̀. Èkó nìkan ni mo máa kọ́kọ́ dojú kọ. Ìbéèrè tí mo kọ sínú fọ́ọ̀mù rèé: "1. Nọ́ńbà WhatsApp yín? 2. Ṣé ẹ lówó láti ra ilẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. 3. Ìgbà wo lẹ fẹ́ wá wò ó?" Ṣé ó tọ́?

Ọmọ Panṣẹ́kẹ́

Ẹ yọ ìkejì yẹn. Ta ló máa tẹ "bẹ́ẹ̀ kọ́" sí ojú ẹni tí kò mọ̀ rí? Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Pulọ́ọ̀tì kan jẹ́ ₦2,500,000. Báwo lẹ ṣe fẹ́ san án?" Kí ìdáhùn jẹ́ "lẹ́ẹ̀kan náà", "lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́ta", "mo ṣì ń kówó jọ". Ẹ bá onílẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí ìkejì kẹ́ ẹ tó kọ ọ́ síbẹ̀. Èyí tó mú ìkẹta, ẹ má pè é, ẹ fi nọ́ńbà ẹ̀ pamọ́, kẹ́ ẹ sì kọ̀wé sí i kó fi tiyín náà pamọ́, kó lè máa rí Status yín. Ní ti ìbéèrè kẹta, ẹ má fi àyè sílẹ̀ kó kọ "soon". Ẹ kọ ọjọ́ Sátidé méjì tó ń bọ̀ síbẹ̀, aago 10 àárọ̀, kó mú ọ̀kan, kẹ́ ẹ pè é lálẹ́ Fúráídé kẹ́ ẹ tó ra epo.